Ẹ̀rí Tí Arvilla Jẹ́ Lọ́jọ́ Ààwẹ̀

Nílé Jorgensen, ẹnikẹ́ni kì í dáná láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù. Láti alẹ́ Sátidé ni wọ́n ti ń gbààwẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì kí oúnjẹ tó tún kàn wọ́n lẹ́nu. Gbogbo ìlú Birch Hollow ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àtolówó àti tálákà. Nítorí náà, nígbà tí òórùn àlìkámà gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀ láti yàrá abẹ́ ilé, Arvilla Jorgensen, tó dúró níwájú dígí tó ń fi yẹtí sétí, fún imú pọ̀. Ó mọ̀ pé aláìsàn ni wọ́n ń se é fún, síbẹ̀ ó fún imú pọ̀.

Aláìsàn náà ni Kelton, ọkọ Janalee ọmọ Arvilla. Láti oṣù kẹjọ tó ti já bọ́ láti orí òrùlé ilé tòlótòló àwọn Jorgensen, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ fi ilé tí wọ́n ń háyà sílẹ̀, wọ́n kó wá sí abẹ́ ilé àwọn Jorgensen, sáàárín agolo àlìkámà, àpò ẹ̀wà àti ìgò èso píìsì tí Arvilla fọwọ́ ara rẹ̀ dì. Oúnjẹ ọdún kan gbáko ló wà níbẹ̀, nítorí ilé tí kò bá ní ìpamọ́, ilé òmùgọ̀ ni ní Birch Hollow. Wọ́n ti múra de ìyàn, wọ́n ti múra de ìmìtìtì ilẹ̀, wọ́n ti múra de ogun. Ọkùnrin kan péré tó já bọ́ láti orí òrùlé ni ẹnikẹ́ni ò múra dè.

Janalee gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú abọ́ òfìfo lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o rí oorun sùn?"

"Oorun kẹ̀? Gbogbo òru ni mo fi ń yí i. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti fẹ́ máa bó."

"Ọlọ́run ń rí ẹ."

"Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ń rí mi." Janalee gbé abọ́ náà sínú bàsíà. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń rí mi?"

"Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi?"

"Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Tí wọ́n bá ní kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí bọ́ síwájú lónìí, ẹ má sọ̀rọ̀ wa."

"Tí Ẹ̀mí Mímọ́ bá wá ní kí n sọ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹ bá mi sọ fún un pé mo bẹ̀bẹ̀."

Lamar, bàbá Janalee, tó tẹ̀ ba síbi tó ti ń so okùn bàtà, bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbójú sókè tó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó tún padà sídìí okùn bàtà.

"Ṣé ojú ló ń tì ẹ́ ni?" Arvilla bi ọmọ rẹ̀. "Gbogbo ìjọ ló ń gbààwẹ̀ torí yín lónìí o. Àwọn ọmọ kéékèèké pàápàá."

"Kì í ṣojú, Mọ́mì. Ẹ wò ó, ẹ kàn sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré pé ó burú. Ẹ̀ẹ̀kan. Láti oṣù kẹjọ ni mo ti ń retí ẹ̀."

"Kò burú. Ìdánwò ni. Ẹni tí Bàbá Ọ̀run bá fẹ́ràn ló ń dán wò."

Janalee fọ abọ́, ó nù ún, ó gbé e síbi tó máa ń wà.

Kì í ṣe pé Arvilla kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Òun ni olórí Ẹgbẹ́ Aranilọ́wọ́ nínú ìjọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bímọ tàbí tó kú ní Birch Hollow, àwo pòtétò oníwàràkàṣì rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbàgbọ́ tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ni pé kò sí ìyà tó dé bá ọmọ ènìyàn tí kò ní ẹ̀kọ́ nínú, àti pé ẹni tó bá fara dà á dé òpin ni yóò gba adé. Ìgbàgbọ́ náà ti gbé òun fúnra rẹ̀ la odò púpọ̀ kọjá. Ohun tí kò yé e ni pé ìtùnú téèyàn fi ń tu ara rẹ̀ nínú, bí a bá jù ú sí ẹlòmíràn lórí, òkúta ni. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà ní ọkàn Janalee láàárọ̀ ọjọ́ náà tó ju ti ẹ̀rí lọ. Ọjọ́ kejì, Mọ́ńdè, ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé-ìwé. Iṣẹ́ náà ló máa jẹ́ kí wọ́n rí owó san fún dókítà tó ń tọ́ iṣan, nítorí ìka kan lọ́wọ́ ọ̀tún Kelton ti ń mira díẹ̀díẹ̀, dókítà sì ti sọ pé bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ náà lè padà gbé ṣíbí. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, ó tán nìyẹn. LaRue Mortensen, opó tó ń gbé ní òdìkejì títì, ti gbà láti máa jókòó ti Kelton títí ilé-ìwé á fi parí. Bí kò bá sí LaRue, kò sí iṣẹ́. Bí kò bá sí iṣẹ́, kò sí ọwọ́. Olórí àwọn alásè ti kìlọ̀ fún Janalee pé bí nǹkan bá yẹ̀, kó tètè pe òun lálẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi, torí ẹlòmíràn wà tó ń dúró.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìsìn bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin dé láti ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú táì lọ́rùn. Wọ́n gbé Kelton tòun ti àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ gòkè àtẹ̀gùn, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti sanra sí i. Ẹ̀rín wọn dùn, apá wọn le. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n máa ń wá.

Yìnyín ti bo orí òkè, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì móoru. Bíṣọ́ọ̀bù Aagard, tó ń ta táyà katakata láàárín ọ̀sẹ̀, bọ́ síwájú, ó kéde pé wọ́n ti yan arábìnrin kan láti máa kọ́ àwọn ọmọdé. "Ẹni tó bá fọwọ́ sí i, kó nawọ́ ọ̀tún sókè." Gbogbo ìjọ nawọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kò síṣẹ́ tí wọ́n ń gbé léèyàn lọ́wọ́ tí wọn kì í nawọ́ sí. Kelton, nínú àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, wo ọwọ́ tirẹ̀ lórí eékún, ó sì wo ibòmíràn. Nígbà tí búrẹ́dì àti omi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa dé ọ̀dọ̀ wọn, Janalee ló fi sí i lẹ́nu.

Ẹ̀rí bẹ̀rẹ̀. Bàbá arúgbó kan sọ bí màlúù rẹ̀ ṣe sọnù tó sì gbàdúrà tó rí i. Ọmọbìnrin kan sunkún pé òun fẹ́ràn ìyá òun. Lẹ́yìn náà ni Janalee rí i tí ìyá rẹ̀ ń tún síkẹ́ẹ̀tì ṣe nídìí. Ó di apá rẹ̀ mú.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọkàn mi ń lù kì-kì, ọmọ mi. Ẹ̀mí ni."

Ẹni tí kò jẹun láti àná, ọkàn rẹ̀ kò lè ṣàì lù. Arvilla ja apá rẹ̀ gbà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì bọ́ síwájú.

"Ẹ̀yin ará mi," ni ó wí, omijé ti dé tán, "mo ti ní mi ò ní sọ̀rọ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Ọ̀run torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Kelton. Bẹ́ẹ̀ ni, ọpẹ́ ni mo ní. Ká tó wá sáyé, gbogbo wa la wà lọ́dọ̀ ẹ̀, a sì mọ ohun tá à ń bọ̀ wá bá. Lójú tèmi, nígbà tí wọ́n pe ìdánwò yìí, Kelton àti Janalee nawọ́ ọ̀tún wọn sókè, bá a ṣe nawọ́ níbí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní, 'Àwa á gbé e.' Ẹ ò rí agbára tó wà lára ọmọ mi yìí! Kì í ráhùn. Kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní kí n gba ẹrù yẹn kúrò lórí ẹ̀ lónìí, mi ò ní gbà á, torí inú ẹ̀ ni ìbùkún ẹ̀ wà."

Àwọn kan máa ń sọ pé orí ni ènìyàn kúnlẹ̀ yàn. Ti Arvilla kò tilẹ̀ ní ìkúnlẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n nà. Àwọn obìnrin ń fa áńkáṣíìfù jáde káàkiri. Lamar tẹjú mọ́ bàtà tó fara balẹ̀ so láàárọ̀. Kelton ń ṣẹ́ ojú òsì léraléra, omi ń jáde níbẹ̀, àwọn tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn pé, ẹ wò ó, ayọ̀ ló ń pa á lẹ́kún. Janalee kò rí i, torí ó ti doríkodò.

Nígbà tí ìsìn parí, àwọn obìnrin bò ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Irú ẹ ṣọ̀wọ́n, Janalee. Èmi ò lè ṣe é láé."

"Tèmi ò tiẹ̀ tó nǹkan kan. Mo gbọ́ tìẹ, mo ní kí n dákẹ́ ẹnu."

"Ọlọ́run mọ ẹni tó lè gbé e."

"Ẹ ṣé," ni Janalee ń wí. "Ẹ ṣé o." Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó bi í bóyá ó ti sùn.

LaRue Mortensen ló wá kẹ́yìn, ojú rẹ̀ pọ́n fún ẹkún. Ó fọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Janalee mú.

"Ọmọ mi, ẹ̀rí ìyá ẹ wọ̀ mí lára. Mo jókòó níbẹ̀, ara mi ń gbọ̀n. Ṣé o mọ ohun tí mo gbọ́ lọ́kàn mi?"

"Rárá, Arábìnrin Mortensen."

"Mo gbọ́ ọ pé, 'LaRue, kí ni ìwọ ń wá sínú ọ̀rọ̀ yìí?' Ẹ̀yin méjèèjì lẹ nawọ́ gba ẹrù yín. Kí n wá máa jókòó ti ọkọ ẹ lójoojúmọ́, kí n máa bá ẹ ṣe é? Olè ni màá jà yẹn. Mi ò fẹ́ jí ìbùkún ẹ gbé."

Janalee wò ó. Ó ń retí kí LaRue rẹ́rìn-ín, torí ó máa ń ṣàwàdà. LaRue kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀la ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mà."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Bàbá Ọ̀run á ṣe ọ̀nà mìíràn. Ìwọ tó o lágbára báyìí! Màá máa gbàdúrà fún ẹ láàárọ̀ àti lálẹ́."

Mi ò ní sọ pé ara tu LaRue. Obìnrin rere ni, ohun tó wí sì dá a lójú. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé báàgì rẹ̀ sápá tó ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju bó ṣe wọlé lọ.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé Kelton padà sí abẹ́ ilé, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tí kò mọ̀ pé wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n lọ. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ máa ṣú, ààwẹ̀ parí. Arvilla tẹ́ tábìlì: ẹran màlúù yíyan, pòtétò oníwàràkàṣì, búrẹ́dì kéékèèké, jẹ́lì aláwọ̀ ewé tó ń gbọ̀n nínú àwo. Lamar gbàdúrà, ó dúpẹ́ fún oúnjẹ, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún Kelton bó ṣe máa ń bẹ̀bẹ̀. Arvilla kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì hàn.

"Bíṣọ́ọ̀bù ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀rí yẹn láti ọdún tó ti pẹ́. Ṣé o rí Arábìnrin Mortensen? Ó sunkún títí."

"Mo rí i," ni Janalee wí. "Kò ní wá mọ́ lọ́la."

"Ta ni ò ní wá?"

"LaRue. Ó ní òun ò fẹ́ jí ìbùkún mi gbé."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Arvilla. Lẹ́yìn náà ni ó rí ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ ọn lẹ́nu. "Bàbá Ọ̀run á ṣe ọ̀nà."

"Ọ̀nà ni LaRue tẹ́lẹ̀, Mọ́mì. Ẹ ti dí i."

"Ṣé èmi ni mo ní kó má wá? Ìyìn ni mo yìn ẹ́!"

"Ẹ yìn mí tán, gbogbo ayé jókòó. Ẹ ní mi ò kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kí n tó lè bẹ LaRue? Mo gbé ìtìjú tà lọ́dọ̀ ẹ̀." Ó ti àwo rẹ̀ síwájú. "Ó dáa. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ lè jókòó tì í lọ́la?"

"Lọ́la kẹ̀? Lọ́la la máa parí kúbùsù tá à ń rán fún àwọn tí ogun lé nílé. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń bọ̀."

"Kúbùsù."

"Àwọn ènìyàn yẹn ń jìyà, Janalee."

"Wọn ò nawọ́ ni?"

Lamar ń gé ẹran rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ tí ọmọ ọwọ́ pàápàá lè gbé mì, kò sì fi ọ̀kan sẹ́nu.

"Rọra," ni Lamar wí. "Ìyá ẹ ni."

"Dádì, ẹ̀yin náà ẹ bá wa dá sí i. Kelton nawọ́ lọ́run, ó dáa, mo gbọ́. Pákó orí òrùlé tó ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹn ńkọ́? Ta ló nawọ́ sí i? Ẹ mọ̀ pé ó ti rà. Ẹ ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a máa pààrọ̀ ẹ̀."

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ pákó náà rí nínú ilé yẹn. Lamar gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó dìde, ó mú fìlà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jáde lọ sọ́nà ilé tòlótòló. Àwọn tòlótòló ti jẹun, wọn ò nílò rẹ̀.

"Wo bó o ṣe lé bàbá ẹ jáde nídìí oúnjẹ," ni Arvilla wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ìdí tẹ́ ẹ fi ń sọ pé àwa la yàn án nìyẹn. Tó bá jẹ́ àwa la yàn án, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi."

Ohùn Kelton dé láti ìsàlẹ̀. "Janalee!" Janalee fọwọ́ ti tábìlì láti dìde.

"Jẹun," ni Arvilla wí. "Jẹun, jọ̀ọ́. Èmi á lọ wò ó."

Láti oṣù kẹjọ, bí kì í bá ṣe pé ó fẹ́ mú ìgò píìsì, Arvilla kì í dá sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò fẹ́ yọ àwọn méjèèjì lẹ́nu. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò lè wò ó. Kelton tí í gbé àpò oúnjẹ tòlótòló lé èjìká méjèèjì, tó ń jó wọlé!

"Janalee?"

"Èmi ni."

"Ha, Mọ́mì. Ẹ má bínú. Irun ojú kan ló wọ̀ mí lójú òsì. Ó ń gún mi."

Arvilla tẹ̀ ba. Ó rí i, irun bíńtín kan, ojú náà sì ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó rọra yọ ọ́ kúrò.

"Láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?"

"Láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí ẹ̀ ń jẹ́rìí ló wọlé. Mo rò pé tí mo bá ń ṣẹ́jú á jáde." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣé, Mọ́mì. Ara tù mí."

"Àwọn ènìyàn ní o ń sunkún ayọ̀."

"Mo gbọ́ wọn."

Arvilla jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí Kelton tún sọ̀rọ̀, kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Bí ẹni ń béèrè ọ̀nà ló ṣe bi í.

"Mọ́mì, mo ń gbìyànjú láti rántí pé mo nawọ́. Mi ò rántí. Ṣé ó dá yín lójú?"

Ọwọ́ ọ̀tún náà wà lórí kúbùsù, ó ṣí sílẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń sùn. Arvilla wò ó títí. Ẹyin lohùn, èyí tó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, níwájú gbogbo ìjọ ló fọ́ sí.

"Kò dá mi lójú," ni ó wí.

Ó di ọwọ́ náà mú. Ó bi Kelton bí Janalee ṣe máa ń bá a na àwọn ìka rẹ̀, Kelton sì ń kọ́ ọ: ẹ ká a kò, ẹ nà án, ẹ rọra, ẹ má fi tipá. Nígbà tó kan ìka tí dókítà sọ, ìka náà kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ́, bí ọmọ inú ṣe ń ta ìyá rẹ̀. Arvilla fò dìde. Ó sáré gun àtẹ̀gùn, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì jẹ́ ti ẹni tó ń sáré gun àtẹ̀gùn.

"Janalee! Lọ síbi iṣẹ́ ẹ lọ́la. Èmi á jókòó tì í. Kúbùsù á dúró. Àní kí wọ́n kó abẹ́rẹ́ wọn wá síbí, ká jọ jókòó tì í."

Janalee wà nídìí tábìlì, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀. Oúnjẹ inú àwo náà ti tutù, jẹ́lì ti ń yọ́.

"Mo ti pè wọ́n pé mi ò lè wá mọ́, Mọ́mì."

"Pè wọ́n padà."

"Mo pè wọ́n padà. Nígbà tí mo gbọ́ tẹ́ ẹ̀ ń bá a nà án lọ́wọ́, mo tún pè wọ́n. Wọ́n ní ẹlòmíràn ti gbà á. Wọ́n ní kí n má bínú."

Arvilla di ẹ̀yìn àga mú. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ láti kékeré sáré wá sí i lẹ́nu, ti ẹ̀kọ́, ti adé, ti ọ̀nà tí Bàbá Ọ̀run ń bọ̀ wá ṣe, gbogbo wọn tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó gbé wọn mì. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo awọ dúdú abẹ́ ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó nítorí omi gbígbóná.

"Ó burú," ni ó wí. "Ó burú, ọmọ mi. Ó burú gan-an."

Ìgbà náà ni Janalee sunkún, ẹkún tí kò sun láti oṣù kẹjọ. Ìyá rẹ̀ dì í mọ́ra lórí ìdúró, àga wà láàárín wọn. Inú aṣọ ìyá rẹ̀ ni Janalee ti sọ̀rọ̀.

"Ká ní ohun tẹ́ ẹ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, Mọ́mì. Ká ní ìyẹn nìkan lẹ sọ, LaRue á wá."